Ilẹ̀kùn Tí Mo Fọwọ́ Mi Ṣe

Ẹ má wulẹ̀ kí mi kú iṣẹ́. Bí ẹ bá kó gbogbo "ẹ kú iṣẹ́" tí wọ́n ti kí mi jọ, láti ogún ọdún tí mo ti ń dá ògiri lu káàkiri Accra, kò lè wo ẹ̀yìn tó ń dùn mí yìí sàn.

Ilẹ̀kùn oníkáàdì ni iṣẹ́ mi. Kò ní ihò kọ́kọ́rọ́. Ẹ ó gbé káàdì pẹlẹbẹ kan sún mọ́ àpótí kékeré tó wà lára ògiri, àpótí náà á dún "píì", orúkọ yín á yọ lójú rẹ̀, iná aláwọ̀ ewé á tàn, ilẹ̀kùn á sì ṣí. Bí orúkọ yín kò bá sí níbẹ̀, iná pupa ni ẹ ó rí, ẹ ó sì dúró síta. Èmi ni mo máa ń fa wáyà rẹ̀, èmi ni mo máa ń kan mágínẹ́ẹ̀tì tó ń di ilẹ̀kùn mú, èmi náà ni n ó sì jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí n ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ àtiwọlé sínú rẹ̀. Mo ti ṣe ti báńkì, mo ti ṣe ti ọ́fíìsì ní Osu àti Ridge títí tí mi ò ka iye rẹ̀ mọ́. "Madam Door" ni àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè mí. Nílé, Ìyá Raqeebah ni mí. Fún àwọn ará ilé ọkọ mi, Ìyàwó ni mí, ó parí.

Bàbá mi ló fi wáyà lé mi lọ́wọ́. Rédíò ló ń tún ṣe ní ọjà Madina, ní Accra níbí. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀, kò sì tètè rí ọkùnrin bí, ló bá ní kí n wá máa bá òun di irin gbígbóná tí òun fi ń lẹ wáyà mú. Àwọn àǹtí mi ní ta ló máa fẹ́ ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ń rùn bí èéfín. Wọ́n purọ́. Bàbá Raqeebah bá mi lórí àkàbà lọ́jọ́ kan tí mo ń ṣiṣẹ́, eruku bò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Arábìnrin, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí n rí ojú yín." Mo ní kó máa bá tiẹ̀ lọ. Ọdún kan lẹ́yìn náà, mo wà nílé wọn ní Sabon Zongo. Ọdún kọkàndínlógún rèé. Òun alára ti lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú un lọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí Ọlọ́hun forí jì í. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tróótró nírọ̀lẹ́, tí ẹsẹ̀ mi ti wú bí búrẹ́dì, mo ṣì máa ń gbójú sókè wo fèrèsé wa bóyá yóò yọ orí. Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ojú ni kò tíì gbọ́.

Àbúrò rẹ̀ ló wá di olórí ilé. Ajíṣafẹ́ ni mò ń pè é, nítorí pé kì í jáde láì lọ aṣọ. Ẹ ò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ lẹni náà lọ́jọ́ tí ìyàwó wọlé. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé, Ìyá Àgbà mú mi jókòó lórí ẹní, ó ń fi wọ́n hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kọjá: "Pe èyí ní Adúmáadán. Èyí, Eyínfúnjowó. Ọmọdé yẹn, pè é ní Opẹ́lẹ́ńgẹ́, ìyá rẹ̀ fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn ín." Mo gbà. Ọdún kọkàndínlógún, mi ò la ẹnu pe ẹnì kan lórúkọ rí, kódà nígbà tí inú bí mi.

Ìyá Àgbà kì í ṣe ìyá ọkọ mi o. Ìyàwó àbúrò bàbá wọn ni, opó lòun náà, Ọlọ́hun kò sì fún un lọ́mọ. Ará Gá, àwọn onílẹ̀ Accra, ni ìyá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́dún tí ìjọba lé àwa Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Alátà, kúrò ní Gánà, tí gbogbo ọkùnrin ilé yìí di ẹrù gba ìlú wọn, Inísà, lọ, òun nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó so kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà mọ́ etí ìró. Àwọn kan wá, wọ́n ní ilé ti di tàwọn. Ó ní kí wọ́n wá tú u lára òun bí ìyá wọn bá bí wọn dáadáa. Nígbà tí àwọn ọkùnrin padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ní etí ìró, ilé sì wà lórí ìdúró. Òun ló sọ ọ́ fún mi. Àwọn ọkùnrin mọ ìtàn náà dáadáa, wọn kì í kàn sọ ọ́ ni.

Lọ́dún kejì lẹ́yìn kòrónà, olè wọ ilé wa lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kan. Nígbà kejì, wọ́n gbé alùpùpù Adúmáadán lọ lọ́sàn-án gangan, nígbà tí àwọn ọkùnrin lọ kí ìrun Jímọ̀. Ajíṣafẹ́ bá pe ìpàdé àwọn ọmọ ilé. Lẹ́yìn ìpàdé, ó kan ilẹ̀kùn mi.

"Ìyàwó, iṣẹ́ yín ti délé o. Irú ilẹ̀kùn tí ẹ ń ṣe fún àwọn báńkì yẹn la fẹ́."

"Kò burú, Ajíṣafẹ́. Káàdì mélòó?"

Ó ní ìwé orúkọ ń bọ̀. Mi ò béèrè owó iṣẹ́, òun náà kò mẹ́nu bà á. Ilé mi ni, àbí? Ta ni n ó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é, Ọjọ́ Àìkú tó yẹ kí n fi na ẹ̀yìn. Bàbá àgbà wọn kò ṣawun sìmẹ́ńtì nígbà tó ń mọ ògiri yẹn. Ẹ̀rọ tí mo fi ń dá a lu ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Mo fa wáyà gba abẹ́ àjà, mo kan mágínẹ́ẹ̀tì sórí férémù irin, mo gbé bátìrì ńlá kan sí i nítorí dúmsọ̀. Ẹni tó bá gbé Accra mọ dúmsọ̀: iná á lọ, iná á dé, bó bá ṣe wù ú. Mágínẹ́ẹ̀tì kò sì lè di nǹkan kan mú bí kò bá sí iná. Bí bátìrì kò bá sí níbẹ̀, ilẹ̀kùn á kàn là sílẹ̀ gbayawu fún olè ni. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Ajíṣafẹ́. Ó ń mi orí, ó ń wo fóònù. Ohun kan ṣoṣo tó wọ̀ ọ́ létí ni èyí tí mo sọ kẹ́yìn, pé bí ẹnì kan bá ṣílẹ̀kùn tí ẹlòmíràn tẹ̀ lé e wọlé, gbogbo làálàá wa di asán. Ìyẹn dùn mọ́ ọn. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sí páálí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ilẹ̀kùn: KÁÀDÌ KAN, ÈNÌYÀN KAN. ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ TẸ̀ LÉ ẸLÒMÍRÀN WỌLÉ.

Ìyá Àgbà wá wò mí nígbà tí mò ń dán ilẹ̀kùn wò. Ó dúró níwájú àpótí, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní, "Àgò o!" Iná pupa ń wò ó. Ó tún pè, "Àgò onílé o!" Iná pupa náà ni.

"Ṣé kò gbọ́ Yorùbá ni?" Ó bá fi èdè Gá bá a sọ̀rọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Ìyá, káàdì nìkan ló ń gbọ́."

"Ta ló máa wá fún mi ní káàdì?"

Mo ní èmi ni. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an ni ìwé dé. Ajíṣafẹ́ fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo kà á, mo tún un kà. Àwọn ọmọ ilé wà níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, títí kan àwọn tó wà ní Kumasi tí wọ́n ń wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn ìyàwó tí ọkọ wọn wà láàyè, wọ́n fi wọ́n sábẹ́ ọkọ: "àti ìyàwó rẹ̀." Raqeebah ọmọ mi, tó wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Tamale, wà níbẹ̀. Èmi kò sí níbẹ̀. Ìyá Àgbà kò sí níbẹ̀. Àwọn ọkọ wa ti kú, kò sí ẹni tí wọn ó fi wá ṣe "àti" rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ìwé ni ohun tí ìpàdé fẹnu kò sí: ẹni tó bá wà nínú ìwé ló ni yàrá tó ń gbé, yàrá tó bá ṣẹ́ kù, ayálégbé ni wọn ó gbé e fún lóṣù tó ń bọ̀.

Mo jókòó sórí àkàbà.

Níbo ni n ó lọ? Bàbá mi ti kú. Àbúrò mi ọkùnrin ti kó ìyàwó méjì àti ọmọ mẹ́jọ sínú ilé tó fi sílẹ̀ ní Madina, ibi tí n ó na ẹsẹ̀ sí kò sí níbẹ̀. Yàrá tó wà lókè yẹn, tí bẹ́ẹ̀dì Bàbá Raqeebah wà nínú rẹ̀, òun ni gbogbo ohun tí mo ní.

Mo lọ bá Ajíṣafẹ́. Ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Mo kúnlẹ̀ kí i bí ìṣe mi, mo ní, "Ajíṣafẹ́, mi ò rí orúkọ mi."

"Ẹ má dààmú, Ìyàwó. Raqeebah ń bẹ níbẹ̀. Ṣé ti Raqeebah kì í ṣe tiyín ni?"

"Raqeebah á relé ọkọ."

"Ẹ ó bá a lọ nígbà náà. Ṣebí ọmọ yín ni."

"Ìyá Àgbà ńkọ́?"

"Màmá ní ẹbí ìyá wọn ní Bukom." Kò gbójú kúrò lára áyọ́ọ̀nù. "Ẹ ṣáà jẹ́ ká ṣí ilẹ̀kùn yìí ná. A ó máa wò ó."

A ó máa wò ó! Mo mọ "a ó máa wò ó" dáadáa. Òun ni wọ́n sọ fún mi nígbà tí mo ní kí wọ́n bá mi tún òrùlé tó ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì mi ṣe. Ọdún méjì ni mo fi gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀, kí n tó gun òkè lọ fúnra mi.

Mi ò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà. Ó ti rí i lójú mi. "Wọn kò kọ wá," ó ní. Kò béèrè, ó kàn sọ ọ́. Ó ń fọwọ́ pa etí ìró rẹ̀. "Àfísù yẹn, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ẹkún rẹ̀ pọ̀." Ìyá Àgbà lè pe Ajíṣafẹ́ lórúkọ, òun ló wà nílé kí wọ́n tó bí i.

Inú bí mi débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n tú gbogbo wáyà yẹn ká. Mi ò tú u. Ó ti rẹ̀ mí jù, mo sì mọ̀ pé bí mo bá tú u, èmi náà ni wọn ó tún pè kí n wá tún un ṣe. Ẹ ó ní, ṣebí ìwọ lo wà nídìí kọ̀ǹpútà, kí ló dé tí o kò kọ ara rẹ sí i? Ìṣẹ́jú kan ni. Mo rò ó. Mo tiẹ̀ mú káàdì kan sọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jí ara rẹ̀ kọ sínú ìwé ilẹ̀kùn, olè ni, mi ò sì fi gbogbo ayé mi dínà olè kí n tó wá di ọ̀kan lára wọn nínú ilé ara mi. Mo dá káàdì náà padà sáàárín àwọn tó ṣẹ́ kù.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ wọn. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí. Ìwé wà níwájú mi, orúkọ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ìka mi kọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ tẹ orúkọ Ajíṣafẹ́, ó dà bíi pé mo fẹ́ bú u lójú ọjà. Ní báńkì, mo máa ń tẹ orúkọ ọ̀gá àgbà wọn láì ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn kì í ṣe ọkọ mi. Mo tẹ AJÍṢAFẸ́. Mo tẹ ADÚMÁADÁN. Lẹ́yìn ìyẹn, oorun ń kùn mí, ìka mi ń sáré bí ẹnu mi ṣe máa ń sáré, àfi bí mo ṣe parí tí mo rí i pé gbogbo ilé ni mo ti kọ ní orúkọ tí ìyàwó ń pè wọ́n. Mo ní n ó tún un ṣe lọ́la. Lọ́la dé, iṣẹ́ wà ní Ridge. Ọ̀tunla náà, iṣẹ́. Bó ṣe gba ibẹ̀ lọ nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn. Ajíṣafẹ́ pe Àlùfáà Zàíd, tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú, kó wá fi àdúrà sí i. Ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, gbogbo ilé jáde sí títì, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ètò Ajíṣafẹ́ ni pé kí kálukú fi káàdì tiẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú Àlùfáà. Èmi gbé kọ̀ǹpútà lé itan lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ògiri, Ìyá Àgbà jókòó tì mí. Àlùfáà ṣàdúrà, a ṣe àmín.

Ajíṣafẹ́ ló kọ́kọ́ gbé káàdì sí i, aṣọ rẹ̀ funfun báláú. Píì. AJÍṢAFẸ́ ni àpótí gbé jáde. Ó kà á, ó yíjú sí mi.

"Ìyàwó, kí lèyí?"

Kí n tó dáhùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti sún un wọlé, ó ti gbé káàdì tiẹ̀ sí i. EYÍNFÚNJOWÓ. Ó fi gbogbo eyín náà rẹ́rìn-ín. "Ó mọ̀ mí o! Ẹ wá wò ó, ẹ̀rọ yìí mọ̀ mí!" Ni wọ́n bá ń ti ara wọn. Opẹ́lẹ́ńgẹ́, tó ti sanra bí àpò ìrẹsì báyìí, wo orúkọ rẹ̀, ó ní kí n má pa á rẹ́ láéláé. Àlùfáà ń rẹ́rìn-ín, ó di inú mú. Inú tèmi náà dùn díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé ni wọ́n ń dín kù. Ilẹ̀kùn ń ṣí, ó ń pa dé. Nígbà tó yá, inú ilé ni ariwo wà, títì sì dákẹ́. Èmi, Ìyá Àgbà àti Àlùfáà ló ṣẹ́ kù síta.

Ajíṣafẹ́ tẹ bọ́tìnì láti inú, ó yọ orí. "Àlùfáà, ẹ wọlé, oúnjẹ ti délẹ̀. Ìyàwó, Màmá, ẹ tètè máa bọ̀ kí n tó pa á dé."

Àlùfáà dìde. Èmi kò dìde.

"Ajíṣafẹ́," mo ní, "páálí yín ló wà lókè yẹn. Káàdì kan, ènìyàn kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé ẹlòmíràn wọlé."

"Háà, Ìyàwó! Ìyẹn kọ́ lẹ̀ ń wí. Ẹ̀yin kọ́ la kọ ọ́ fún."

"Ta wá ni?"

Àlùfáà wo páálí, ó wò mí, ó wo Ìyá Àgbà. "Ẹ dákun," ó ní, "ẹni tó ṣe ilẹ̀kùn yìí kò ní káàdì?"

Àwọn tó wà nínú ilé ti ń yọjú láti ẹ̀yìn Ajíṣafẹ́. Òógùn yọ nímú rẹ̀. "Ó ní o, Àlùfáà! Àwọn méjèèjì ló ní. Orúkọ wọn nìkan ni a kò tíì kọ sí i, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Àlùfáà padà jókòó. "Èmi náà á dúró títí ẹ ó fi kọ ọ́."

Ajíṣafẹ́ jáde wá, ó gba kọ̀ǹpútà lórí itan mi. "Èmi fúnra mi ni n ó kọ ọ́," ó ní, "kí ẹ má baà tún kọ ìnagijẹ sí i." Mo fi ibi tí yóò tẹ orúkọ sí hàn án. Ó gbé ìka kan sókè. Ìka náà kò sọ̀ kalẹ̀. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó tún wo kọ̀ǹpútà.

"Ìyàwó," ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "kí lorúkọ yín gan-an?"

Ẹ gbà mí o. Ọdún kọkàndínlógún! Ẹni tí mò ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀, tí mo wẹ ọmọ rẹ̀ mẹ́rin, tí mo di orúkọ rẹ̀ mọ́ ẹnu tí mi ò jẹ́ kó jábọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti ń rò ó láti ọ̀sẹ̀ yẹn pé wọ́n jókòó, wọ́n dárúkọ mi, wọ́n sì fagi lé e. Ta ló dárúkọ ta? Wọn kò ní orúkọ kankan tí wọn ì bá fagi lé.

Mi ò sunkún. Inú kò tiẹ̀ bí mi mọ́. Ó kàn rẹ̀ mí ni, ó rẹ̀ mí dé eegun, débi pé mi ò rí agbára tí n ó fi di ẹnu mi mú mọ́.

"Àfísù," mo ní.

Eyínfúnjowó fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Àgbà pàápàá yí ọrùn wò mí.

"Àfísù, tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Fàsílátù. F ló fi bẹ̀rẹ̀."

Ó wá F títí ó fi rí i. Kò gbójú sókè. Mò ń pe lẹ́tà náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, òógùn rẹ̀ ń kán sórí kọ̀ǹpútà mi. Nígbà tó parí, Ìyá Àgbà nawọ́ kan èjìká rẹ̀.

"Ó ku èmi. Àjọkẹ́ ni. Má ṣì í kọ."

Mo mú méjì nínú káàdì tó ṣẹ́ kù, mo fún Ìyá Àgbà ní ọ̀kan, mo gbé tèmi sún mọ́ àpótí. Píì. Mo wọlé, mo dúró kí ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn mi, bí òfin ṣe wí. Wọ́n yà fún mi. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo bọ́ bàtà mi tó ti ń fún mi lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀. Láti ìta, mo gbọ́ Ìyá Àgbà, kó tó gbé káàdì tiẹ̀ sí i.

"Àgò onílé o!"

"Àgò yà," mo ní.